Ìjàrá Inú Sẹ́ẹ̀lì: Bí Áktìnì Ti Ń Pín Ẹyọ Kan Sí Méjì

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ yín kí n tó la ẹnu, nítorí pé ohun tí ojú lásán kò lè rí ni ẹ ní kí n wá ròyìn, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ròyìn ohun tí ẹlòmíràn kò rí, bí kò bá ṣọ́ra, ojú òpùrọ́ ni wọn yóò fi máa wò ó. Nítorí náà n kò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì rárá. Láti ara ṣòkòtò ni n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ ni bàbá tí ó bí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, iṣẹ́ tí wọ́n máa ń gbé fún mi ní ìsọ̀ wọn ni kí n ki ìjàrá bọ ṣòkòtò àwọn oníbàárà: n ó so orí ìjàrá mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, n ó tì í wọ inú ìṣẹ́po aṣọ láti apá kan, n ó máa fi ìka wá a kiri láti òde, títí orí rẹ̀ yóò fi yọ ní apá kejì. Bí mo bá wá di ṣóńṣó rẹ̀ méjèèjì mú tí mo fà á, aṣọ tí ó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn yóò ṣùjọ, ihò tí ènìyàn méjì lè gba inú rẹ̀ kọjá yóò sì di èyí tí ọwọ́ kan kò lè wọ̀. Ẹ bá mi fi ìjàrá yìí sọ́kàn. Nínú ara olúkúlùkù wa tí a jókòó síhìn-ín, ìjàrá kan ń bẹ tí ẹnikẹ́ni kì í fà, tí ó jẹ́ pé òun ni ó ń fa ara rẹ̀, tí ó ń fún sẹ́ẹ̀lì ní ìbàdí títí sẹ́ẹ̀lì náà yóò fi di méjì. Bí ó sì ti ń fún un ni òun fúnra rẹ̀ ń yọ́ lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí iṣẹ́ bá parí, a ó wá ìjàrá náà tì. Ohun tí a fi hun ún ni à ń pè ní áktìnì, òun sì ni àlejò tí mo mú wá fún yín lónìí.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi bíríkì mọ ilé. Ṣùgbọ́n bíríkì kì í bí bíríkì, sẹ́ẹ̀lì ni ó ń bí sẹ́ẹ̀lì. Rudolf Virchow, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó tẹnu mọ́ ọn nínú ìwé tí ó tẹ̀ ní ọdún 1858, pé kò sí sẹ́ẹ̀lì kan tí ó ṣàdédé wà, àfi èyí tí ó ti ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn jáde. Ní ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń ṣẹ́jú, ara àgbàlagbà kan kò dẹ́kun pípèsè sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, bí 2,000,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, láti ara ìpín àti àtúnpín ni gbogbo wọn sì ti ń wá. Walther Flemming, ní ìlú Kiel, ni ó jókòó ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pín yìí tí ó fi àwọ̀ kùn wọ́n, tí ó sì fi hàn nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1882 bí kóró inú wọn ti ń di fọ́nrán fọ́nrán, tí fọ́nrán wọ̀nyí, èyí tí à ń pè ní kùrómósómù, sì ń là sí méjì tí ìdajì ń lọ sọ́tùn-ún, tí ìdajì ń lọ sósì. Láti ìgbà náà ni ojú gbogbo onímọ̀ ti wà lára kùrómósómù. N kò bá wọn wí. Níbi ìgbéyàwó, ara ìyàwó ni ojú gbogbo ayé ń wà. Kò sí ẹni tí í béèrè pé ta ni ó so àtíbàbà.

Inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pín kọ́ ni a ti kọ́kọ́ bá áktìnì pàdé. Inú ẹran ehoro ni. Ní ìlú Szeged, lórílẹ̀-èdè Họ́ngárì, nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń jà lọ́wọ́, Albert Szent-Györgyi, ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1937, àti obìnrin onímọ̀ kan tí ń jẹ́ Ilona Banga, ń lọ iṣan ehoro, wọ́n ń fi omi iyọ̀ yọ purotéènì kan tí ń jẹ́ máyósìnì jáde láti inú rẹ̀. Bí wọ́n bá tètè sẹ́ ẹ, ohun tí ó jáde a máa ṣàn bí omidan ògì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n fi ẹran náà sílẹ̀ nínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n bá a tí ó ti ki, bí ẹ̀kọ tí ó ti gba iná. Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé oúnjẹ àná ti bàjẹ́, kí ó sì dà á sẹ́yìnkùlé. Wọn kò dà á nù. Ọmọ iṣẹ́ wọn kan, Brunó Straub, wá ìdí rẹ̀, nígbà tí ó sì di ọdún 1942 ó ti yọ purotéènì kejì sọ́tọ̀, èyí tí ó fara sin sẹ́yìn máyósìnì tí ó sì ń ru ú sókè. Nítorí rírú tí ó ń ru ú sókè yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ ní áktìnì. Wọ́n pa áktìnì àti máyósìnì pọ̀, wọ́n fà wọ́n di òwú tín-ín-rín nínú omi, wọ́n sì ta ATP sí i, èyí tí í ṣe oúnjẹ agbára tí gbogbo ohun alààyè ń ná bí ẹní ń ná owó. Òwú náà súnkì! Ohun tí kò ní ẹ̀mí mọ́, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sẹ́ láti inú òkú ehoro, ń fa ara rẹ̀ jọ lójú wọn nínú ìgò. Szent-Györgyi fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé bóyá ni òun tún rí ohun tí ó mú orí òun wú tó bẹ́ẹ̀ láyé òun.

Fún ọdún mélòó kan, ohun tí àwọn ènìyàn rò ni pé iṣan nìkan ni ó ni áktìnì. Àfi ìgbà tí ó di ọdún 1966, tí Sadashi Hatano àti Fumio Oosawa, ní Nagoya lórílẹ̀-èdè Japan, yọ áktìnì láti ara Physarum, ohun aláwọ̀ ìyeyè kan tí í máa rá bọ̀rọ́bọ̀rọ́ lórí igi jíjẹrà, tí kò ní iṣan, tí kò ní eegun, tí kò tilẹ̀ ní orí. Láti ìgbà náà ni a ti ń bá a pàdé káàkiri, nínú ìwúkàrà búrẹ́dì, nínú ewé, nínú ẹyin ẹja, nínú ọpọlọ wa. Kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ifá kí ó má hùwà èkùrọ́: ibikíbi tí a bá ti rí áktìnì, fífà àti títì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Báwo ni ó ti rí? Ẹyọ kan rẹ̀ dà bí ìlẹ̀kẹ̀, ẹ̀wọ̀n amino asíìdì 375 tí a ká jọ. Bí ó bá dá wà, kò lè ṣe nǹkan kan. Àìrìnpọ̀ ejò ni ó ń jẹ ejò níyà. Ṣùgbọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ bá so mọ́ ìlẹ̀kẹ̀, wọn a di fọ́nrán méjì tí ó lọ́ mọ́ ara wọn bí okùn, èyí tí ìbú rẹ̀ kò ju nanomítà 7 lọ. Bí ẹ bá gé mílímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000,000, ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni nanomítà. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ to okùn áktìnì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí wọ́n fi gba àyè mílímítà kan, ẹ ó to ohun tí ó ju 140,000 lọ. Okùn yìí kì í dúró sójú kan. Ìlẹ̀kẹ̀ tuntun ń wọlé ní orí kan, ti àtijọ́ ń jábọ́ ní orí kejì, èyí tí ó jábọ́ a tún lọ bẹ̀rẹ̀ okùn mìíràn níbòmíràn. Bí mo bá ní kí n kì í bí akéwì ti í kini, ohun tí n ó wí ni pé: Áktìnì, ò-tú-má-tán, ò-so-má-pẹ́, ọmọ aláǹtakùn tí í fi ara rẹ̀ hun ilé, tí í jí ní kùtùkùtù jẹ ilé náà mì, kí ilẹ̀ tó ṣú ó tún ti hun òmíràn.

Ojú mi ni mo fi rí i, kì í ṣe pé mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Olú apanirun kan ń bẹ nílẹ̀ Yúróòpù, Amanita phalloides ni orúkọ rẹ̀, olú tí ó ti sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ilé ọ̀fọ̀ nítorí pé ó fi ojú jọ èyí tí a ń jẹ. Nínú májèlé rẹ̀ ni a ti yọ ohun kan tí ń jẹ́ phalloidin, èyí tí ó máa ń dì mọ́ okùn áktìnì tí kò sì ní jẹ́ kí ó tú mọ́. Bí a bá so àwọ̀ tí ń tàn mọ́ phalloidin yìí tí a sì ta á sí sẹ́ẹ̀lì, gbogbo ibi tí áktìnì wà yóò mọ́lẹ̀ lábẹ́ maikirosikóòpù. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ ọmọ ẹ̀kọ́, ìkán díẹ̀ ni a ní, tí a fi sínú fìríìjì bí ẹni tọ́jú wúrà. Ní alẹ́ tí ó kàn mí láti lò ó, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé ojú lé awò ni iná mọ̀nàmọ́ná lọ, n kò sì tún rí i kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣùgbọ́n kí iná tó lọ mo ti rí ẹyọ kan: sẹ́ẹ̀lì méjì tí wọ́n fẹ̀yìn tira bí ìbejì inú igbá kan, ní àárín wọn sì ni òrùka iná kékeré kan, ó pupa, ó dán, kò tóbi lójú mi, bẹ́ẹ̀ ni òkùnkùn ṣú bò ó. Ọdún náà ti jìnnà. N kò tíì gbàgbé òrùka náà.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀ lé iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tí ó jókòó jẹ́jẹ́ ní ipò rẹ̀ a máa tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Àwọn okùn áktìnì rẹ̀ ni ó na án síhìn-ín sọ́hùn-ún, bí ìgbà tí a kan èèkàn mọ́ awọ ẹran kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Nígbà tí àkókò ìpín bá tó, ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣe ni pé ó ń tú gbogbo okùn wọ̀nyí palẹ̀. Ẹni tí ó bá rí i yóò ní ilé ti wó. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i: áktìnì tí ó tú palẹ̀ nínú ni ó tún ara rẹ̀ tò sábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì yíká yíká, pẹ̀lú máyósìnì láàárín rẹ̀, tí wọ́n sì fún awọ náà mọ́ra títí sẹ́ẹ̀lì fi ṣù rogodo bí ọsàn. Ní ọdún 2011 ni àwọn onímọ̀ kan ní Jámánì àti Switzerland fi ọ̀pá pẹlẹbẹ kan tẹ orí sẹ́ẹ̀lì bí ó ti ń ṣù láti mọ agbára rẹ̀. Wọ́n rí i pé omi inú rẹ̀ ni ó ń tì síta, tí áktìnì àti máyósìnì òde sì ń fún un padà, àwọn méjèèjì ń bá ara wọn jìjàkadì, ibi tí agbára wọn ti dọ́gba ni rogodo náà dúró sí. Kí ni ó dé tí ó fi ní láti ṣù? Nítorí pé ìpín fẹ́ àyè. Ẹ kò lè pín ẹrù olóògbé nínú yàrá tí òrùlé rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Ohun kan wà nínú ṣíṣù yìí tí ó máa ń dùn mọ́ mi. Bí sẹ́ẹ̀lì ti ń ká ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀, kì í ká gbogbo rẹ̀ tán. Ó ń fi àwọn fọ́nrán tín-ín-rín sílẹ̀ tí ó so ó mọ́ ibi gbogbo tí ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tẹ́lẹ̀, áktìnì ni ó sì kún inú wọn. Ní Paris, ní ọdún 2005, Manuel Théry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya àwòrán oríṣiríṣi sílẹ̀ pẹ̀lú ohun tí sẹ́ẹ̀lì lè dì mọ́, wọ́n sì jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì jókòó lé wọn. Nígbà tí ó ṣù tí ó sì fẹ́ pín, wọ́n rí i pé kò gbàgbé irú ìjókòó tí ó jókòó, ìhà tí ó ti dì mọ́lẹ̀ jù lọ ni ó ń darí bí yóò ṣe pín. Àwọn fọ́nrán yẹn ni ìrántí rẹ̀. Nígbà tí ìpín bá sì parí, ojú ọ̀nà fọ́nrán yẹn kan náà ni àwọn ọmọ méjèèjì ń tọ̀ padà láti tún tẹ́ ara wọn sílẹ̀.

Ní báyìí ogún kàn. Nílẹ̀ wa, bí bàbá bá kú, ọ̀nà méjì ni a mọ̀ láti pín ogún rẹ̀: ìdí-igi, tí a ń pín in ní iye ìyàwó, tàbí orí-ò-jorí, tí a ń pín in ní iye ọmọ. Ẹ mọ ẹjọ́ tí ó ti tìtorí èyí délé ọba àti délé ẹjọ́ ìjọba, n kò ní dá a sílẹ̀ níhìn-ín. Sẹ́ẹ̀lì kò ní ju ọmọ méjì lọ, orí-ò-jorí ni ó ń ṣe. Fún kùrómósómù, ìrànwú ni ó ń bá a pín in. Mo pè é ní ìrànwú nítorí pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí, ó ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, ó yọ ikùn láàárín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe áktìnì ni a fi ṣe é, ọ̀pá oníhò ni, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ tí àwọn ọmọdé fi ń fa omi mu, èyí tí ìbú tirẹ̀ jẹ́ nanomítà 25. Kùrómósómù 46 tí ènìyàn ní, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti di méjì, kíkà ni ìrànwú ń kà wọ́n, ọ̀kan fún Táíwò, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ẹrù tí a lè kà nìyẹn. Ẹrù tí a kò lè kà ńkọ́? Maitokóńdíríà, àwọn ilé ìdáná tí ń ṣe ATP, lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún nínú sẹ́ẹ̀lì kan, òmíràn dára, òmíràn ti gbó.

Ìdáhùn rẹ̀ kò tíì pẹ́ rárá. Ní ọdún 2021 ni Andrew Moore, Erika Holzbaur àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Pennsylvania ní Philadelphia fi hàn pé áktìnì ni alágbàpín ẹrù yìí, ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà ṣe é. Lọ́nà kìíní, ó ta okùn káàkiri inú omi sẹ́ẹ̀lì bí àwọ̀n ẹja, àwọ̀n náà sì ń gbé maitokóńdíríà ró kí wọ́n má ṣe wọ́ sí apá kan, kí ìwọ̀n tí ó kan ọmọ kọ̀ọ̀kan lè bára dọ́gba. Lọ́nà kejì, ìgbì áktìnì kan ń yí inú sẹ́ẹ̀lì náà po, bí ọlọ́dẹ tí ń yí àdúgbò ká lóru. Bí ó bá kan maitokóńdíríà kan, ó ń fi áktìnì bò ó bí kùrukùru, kùrukùru náà a sì yọ ìrù lójijì bí ìràwọ̀ onírù, ìrù yìí a sì ti maitokóńdíríà náà fìrì lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò lè sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta gàrí mọ ohun tí ó ń ṣe: ó ń po ó pọ̀ ni, kí èyí tí ó ti bu má baà ṣẹ́ jọ sínú kọ́ńgò ẹnì kan. Ìdọ́gba ní ìwọ̀n, àti ìpòpọ̀ ní àyànmọ́. Mo ti rí ẹbí tí wọ́n pín oko tí wọn kò ro ìkejì yìí, tí ọ̀kan jogún àkùrọ̀ tí èkejì jogún àpáta, tí orí àwọn méjèèjì sì jọ dọ́gba lórí ìwé.

Nígbà tí kùrómósómù bá ti yà sọ́tọ̀ ni ìjàrá tó ń yọ. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń sọ fún un ibi tí yóò ti fún? Lórí ìbéèrè yìí ni ọkùnrin kan tí mo fẹ́ràn púpọ̀ láti ka iṣẹ́ rẹ̀, Ray Rappaport, olùkọ́ ní Union College ní Amẹ́ríkà, ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ní erékùsù Mount Desert, ìpínlẹ̀ Maine. Ẹyin ẹranko òkun kan ni ó ń lò, èyí tí ó rí pẹlẹbẹ tí ó sì rí roboto bí owó fàdákà, tí àwọn ará ibẹ̀ tilẹ̀ ń pè ní owó iyanrìn. Ní iṣẹ́ tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1961, ó mú abẹ́rẹ́ dígí kan tí ó ní bọ́ọ̀lù kékeré lórí, ó tẹ bọ́ọ̀lù náà bọ àárín ẹyin láti òkè títí ó fi kan ìsàlẹ̀, ẹyin náà sì di òrùka tí ó ní ihò láàárín, bí àkàrà òyìnbó. Ní ìpín àkọ́kọ́, apá kan òrùka náà nìkan ni ó là, níbi tí ìrànwú wà, ẹyin náà sì dà bí pátákò ẹṣin, kóró kan ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, kóró kan ní ẹsẹ̀ òsì. Ní ìpín kejì, ìrànwú méjì ni ó yọ, ọ̀kan lẹ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, a sì retí kí ibi méjì là. Ibi mẹ́ta ni ó là! Ẹ̀kẹta là ní ẹ̀yìn pátákò náà, níbi tí kò sí ìrànwú kankan, tí ó jẹ́ pé ìtànṣán ọ̀pá oníhò láti ara ìrànwú méjì tí kò bára tan ni ó kàn pàdé níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni a ti mọ̀ pé kì í ṣe kùrómósómù ni ó ń pàṣẹ ibi tí a ó ti gé. Ìtànṣán méjì tí ó bá pàdé ni.

Ṣáájú rẹ̀, ní ọdún 1956, Yukio Hiramoto ní Japan ti fa ìrànwú jáde pátápátá láti inú ẹyin ẹranko òkun mìíràn, lẹ́yìn tí ìpín ti bẹ̀rẹ̀, ẹyin náà sì là bí ẹni pé ohunkóhun kò ṣẹlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi ti rí i: bí àṣẹ bá ti jáde lẹ́nu, a kò nílò aláṣẹ mọ́. Ìrànwú mọ ibi tí ó yẹ kí a gé, kò lè gé e. Áktìnì lè gé e, kò mọ ibẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Akéde tí ń bẹ láàárín àwọn méjèèjì ni purotéènì kan tí ń jẹ́ RhoA, tí iṣẹ́ rẹ̀ hàn gbangba ní ọdún 1993. Ibi tí ó bá jí sí lábẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni a ti ń hun okùn áktìnì tuntun, ibẹ̀ náà ni a ti ń jí máyósìnì.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ fi ojú awò alágbára rí ìjàrá náà ní kedere ni Thomas Schroeder, láàárín ọdún 1968 sí 1973. Nínú ẹyin ẹranko òkun ẹlẹ́gùn-ún bí òòrẹ̀, ó rí ọ̀já kan tí ìbú rẹ̀ tó ìdá kan nínú 100 mílímítà, tí sísanra rẹ̀ kò sì ju ìdá kan nínú 5,000 lọ. Okùn áktìnì ni ó kún inú rẹ̀, wọ́n dùbúlẹ̀ yí ìbàdí ẹyin po. Ibi tí ó ti yàtọ̀ sí ìjàrá bàbá mi nìyí: ìjàrá ṣòkòtò, bí a bá fà á, èyí tí ó ṣẹ́kù a rọ̀ sílẹ̀ níwájú, aṣọ a sì ki níbi tí ó ṣùjọ. Òrùka Schroeder ń kéré sí i, kò ki sí i, kò fẹ̀ sí i, kò sì sí ohun tí ó rọ̀ sílẹ̀. Bí ó ti ń fún ni okùn inú rẹ̀ ń tú, tí ìlẹ̀kẹ̀ ń jábọ́ padà sínú omi sẹ́ẹ̀lì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìbàdí ti di ọrùn, ọrùn ti di fọ́nrán.

Ẹnì kan lè wí pé bóyá òrùka náà kàn wà níbẹ̀ ni, pé ó dà bí ẹni tí í dúró sídìí mọ́tò tí ń rìn tí í ní òun ni òun ń tì í. Ní ọdún 1977 Issei Mabuchi àti Makoto Okuno mú ohun tí ń dí máyósìnì lọ́wọ́, wọ́n gún un sínú ẹyin ìràwọ̀ òkun: kóró pín, ó tún pín, ìrànwú ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láìkù síbì kan, ṣùgbọ́n ẹyin kò là. Àríyànjiyàn tán. Àbí kò tán? Ní ọdún 1987, ní Amẹ́ríkà, wọ́n ba máyósìnì yìí jẹ́ lára Dictyostelium, ẹ̀dá kékeré kan tí ń gbé inú ilẹ̀. Nínú omi, kò lè là, kóró inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lé orí dígí tí ó lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ìdajì kan kọjú sí ìlà-oòrùn, ìdajì kan kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, wọ́n sì ń rá lọ títí ohun tí ó so wọ́n pọ̀ fi já. Áktìnì náà ni ó ń rìn fún wọn. Mo gbọ́dọ̀ sọ pé mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí èyí, nítorí mo mọ tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tí wọ́n pín ilé báyìí, tí kò sí ẹbí, tí kò sí lọ́yà.

Bí ìjàrá bá wá kọ̀ láti fún ńkọ́? Nínú oògùn kan tí a rí lára ewú, tí ń jẹ́ cytochalasin, tí a fi ìròyìn rẹ̀ síta ní ọdún 1967, áktìnì kò lè so. Sẹ́ẹ̀lì tí a bá rẹ sínú rẹ̀ yóò pín kóró, kò ní pín ara, kóró méjì yóò máa gbé inú ilé kan. Láti ara irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ní Boston fi hàn ní ọdún 2005, nínú eku tí ohun ìṣọ́ kan tí ń jẹ́ p53 ti sọnù lára sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, pé irú sẹ́ẹ̀lì àìpínyà bẹ́ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ kókó jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí rẹ̀ sọ pé kóró méjì nínú ilé kan jẹ́ èèmọ̀. Bí ẹ ti jókòó yìí, ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀dọ̀ yín ni ó ní kóró méjì, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dá ìjàrá dúró ni, ẹ̀dọ̀ yín sì ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà.

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ìpín sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, inú sẹ́ẹ̀lì HeLa ni a ti kọ́ ọ. Henrietta Lacks ni ẹni tí ó ni ín, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, tí jẹjẹrẹ pa ní Baltimore ní ọdún 1951. Wọ́n gé lára rẹ̀ láìgba àṣẹ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì náà sì ń pín títí di òní. Nígbàkigbà tí mo bá wo òrùka iná yẹn lára HeLa, ohun tí ó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni pé ìjàrá ẹnì kan pàtó ni.

Ó ku ìkan tí n ó sọ kí n tó jókòó. Ìjàrá kì í gé e já. Bí ó bá ti fún ọrùn náà dé ibi tí kò lè fún mọ́, ó ń yọ́ kúrò níbẹ̀, afárá tín-ín-rín kan a sì kù láàárín àwọn ọmọ méjèèjì tí ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan. Àwọn purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ ESCRT ni ó ń wá já a, wọn kò sì lè rí àyè ṣe é bí áktìnì bá ṣì wà níbẹ̀. Alágbàpín kúrò lójú ọ̀nà, kí agbẹ̀bí lè gé ìwọ́.

Mo ti gbé maikirosikóòpù kan kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà fún ẹni tí ó bá fẹ́ wò ó bí ó bá ń jáde. Gbòǹgbò àlùbọ́sà ni ó wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé òun ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa ní lọ́pọ̀ yanturu, òun náà ni gbogbo ọmọ ẹ̀kọ́ ń yà sínú ìwé. Ẹ ó rí kùrómósómù níbẹ̀, ẹ ó rí wọn bí wọ́n ti ń yà lọ sọ́tùn-ún àti sósì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wá ìjàrá, ẹ kò ní rí i: ohun ọ̀gbìn ní ògiri líle lóde ara rẹ̀, kò sí bí wọn yóò ti fún un ní ìbàdí, nítorí náà àárín gbùngbùn ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri tuntun, tí ó ń mọ ọ́n bọ̀ síta títí yóò fi kan ti àtijọ́. Bí ẹ bá fara balẹ̀ wò, ẹ ó rí ìlà kan tí kò tíì dé ẹ̀gbẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan dígí rẹ̀ o. Ẹyọ kan náà ni a ní.